Ìmọ́lẹ̀ Aláwọ̀ Aró

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Kubwa,
fọ́tò pélébé fún páásípọ́ọ̀tù, fún ìwé ìdánwò.
Mo mọ ojú èèyàn bí alágbẹ̀dẹ ṣe mọ irin.
Bí irorẹ́ bá wà lẹ́rẹ̀kẹ́ oníbàárà,
ìka kan lórí kọ̀ǹpútà, ó ti lọ.
“Ẹ ṣeun, ẹ bá mi fọ ojú mi,” ni wọ́n máa ń wí.
Èmi náà á rẹ́rìn-ín,
ojú tèmi á sì máa ta mí lábẹ́ pọ́dà.

Ọdún mọ́kànlá.
Mo ti lo ọṣẹ dúdú, mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á,
mo ti ra ìpara inú ike tí kò lórúkọ,
èyí tó bó mi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè.
Àbúrò mi ní kí n jáwọ́ nínú ẹ̀pà.
Ìyá mi ní kí n lọ́kọ, yóò lọ.
Mo jáwọ́ nínú ẹ̀pà.
Ọkọ nìkan ni mi ò tíì dán wò.

Dókítà Rifkatu, ọmọ Kafanchan, kò ṣèlérí ìyanu.
“Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.
Ìmọ́lẹ̀ aró á lé kòkòrò tó sá sínú ihò ara,
pupa á pẹ̀tù sí wíwú.
Ṣùgbọ́n èyí tó le bí ẹ̀kùrọ́ lábẹ́ awọ,
àti àpá tó ti jìn wọnú, ìyẹn ò gbọ́ tiwa.”
Ó bi mí léèrè oògùn tí mò ń lò, ó fagi lé ọ̀kan.
Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan tèmi:
“Awọ dúdú bíi tiwa yìí tètè máa ń rántí ìyà.
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn etí.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Nọ́ọ̀sì Kande nu pọ́dà mi kúrò.
Ó dà bí ẹni pé mo bọ́ra lójú títì.
Ó fi awò dúdú kékeré bo ojú mi. “Sànnu. Ẹ dijú.”
Mo dijú, mo ṣì rí i,
bí ojú ọ̀run ṣe máa ń rí ní ìdájí
nígbà tí ọkọ̀ òru bá ń kọjá Lọ́kọ́ja.
Kò jó mi. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́
bí ìgbà téèyàn tẹ ojú sórí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.
Mo dúró de ìrora, ìrora ò wá;
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mí pé kò wá.

Ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n mú iná lọ.
Kande fi Haúsá ṣépè fún iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná,
mo bú sẹ́rìn-ín,
jẹnẹrétọ̀ sì figbe ta lẹ́yìnkùlé.

Ojú mi pọ́n, ó gbẹ, ó ń bó wẹ́wẹ́;
ọyẹ́ tún gbá a mú, kò fi í sílẹ̀.
Lọ́sẹ̀ kejì, mẹ́ta tuntun yọ ní àgbọ̀n mi,
bí àlejò tí kò gbọ́ pé a ti kó kúrò nílé.
Mo sunkún nínú ọkọ̀ láti Bẹ́gà dé Kubwa.
Dókítà ti sọ ọ́ ṣá.
Mo gbọ́ ọ, mi ò gbà á gbọ́ ni.
Mo ń ru agboòrùn lọ́sàn-án gangan:
oòrùn Abuja kì í ṣe ìbátan ẹnikẹ́ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ ti kọjá. Owó kámẹ́rà tuntun ti bá a lọ.
Ẹ má bi mí bóyá ojú mi ti ń dán bí àwo.
Níbi tí mo ti ń ka mẹ́wàá, mẹ́rin ló kù,
àwọn yẹn ò sì ta mí mọ́.
Wọ́n lè padà wá, ni dókítà wí.
Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀;
ọ̀rọ̀ tèmi ò tíì tán níbẹ̀.

Lánàá, Ozavize wá ya fọ́tò ìdánwò,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, irorẹ́ kún iwájú orí rẹ̀ fọ́fọ́.
“Ẹ bá mi pa wọ́n rẹ́.”
Ìka mi ti wà lórí kọ̀ǹpútà. “Ṣé gbogbo rẹ̀ ni?”
Ó wo ojú mi tí kò ní pọ́dà, ó wò ó pẹ́.
“Ẹ fi èyí tó tóbi yìí sílẹ̀,
kí ìyá mi lè rí nǹkan fi dá mi mọ̀.”